Ọmọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì ń lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6: báwo la ṣe máa tọ́jú slọ́ọ̀jì táńkì wa kó má baà kú?

Olùtọ́jú Táńkì (Ìgbógbó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ omi ìdọ̀tí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lórí slọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹrẹ̀ tó kún fún kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, ó sì jẹ́ kánjúkánjú díẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ilé-ìwé pa.

Họ́sítẹ̀ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ 300 ni táńkì wa ń sìn níbí, ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Omi tó ń wọlé lójúmọ́ tó kúbíìkì mítà 30. Táńkì afẹ́fẹ́ gba kúbíìkì mítà 30, táńkì ìtòrò, níbi tí slọ́ọ̀jì ti ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára omi, gba 8, táńkì àkójọ tó wà níwájú gba 10. Bílóà méjì la ní, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táńkì, kílówáàtì 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. MLSS, ìyẹn ìwọ̀n slọ́ọ̀jì tó wà nínú lítà kan, wà ní 3,500 mg/L. Tí mo bá bu slọ́ọ̀jì sínú sìlíńdà lítà 1, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí mílílítà 370. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti kòkó tí wọ́n pò, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ara rẹ̀ yá dáadáa.

Tí ọmọ bá ti lọ tán, àwọn ọlọ́dẹ àtàwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ọgbà ló kù, wọn ò ju mẹ́wàá lọ. Ọ̀gá ní ká pa gbogbo ẹ̀rọ, wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe omi. Iná ọba ní tiẹ̀, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe lápá ibí.

Ṣé a lè pa á pátápátá? Àbí ká jẹ́ kí bílóà máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè máa mí? Wọ́n ní ká máa fún un ní ṣúgà, èló ni? Tí ọmọ bá sì fẹ́ wọlé, báwo la ṣe máa jí i kí omi tó ń jáde má baà sọ wá di ẹni tí LASEPA, àjọ tó ń ṣọ́ àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ń wá?

---

Ìyá Labu

Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bílóà tọ̀sán-tòru, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Kòkòrò tó bá ní afẹ́fẹ́ tí kò ní oúnjẹ, ara rẹ̀ ló máa jẹ. Ní 20°C, iye táwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń lò fún ìjẹra yìí ni nǹkan bí 6 nínú 100 lójúmọ́. Omi táńkì ní Ìkòròdú kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, 28 sí 30°C ló máa ń wà, nítorí náà ẹ kà á sí 9. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ 42, ohun tó máa kù láàyè nínú 100 ò ju 2 lọ. Ẹ ti sun dísẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti fi pa ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Èyí tó wá ń tanni jẹ ni pé àwọ̀ rẹ̀ á ṣì dà bíi ti kòkó, MLSS á ṣì lè ka 1,500, bẹ́ẹ̀ èèpo òkú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwọ̀n MLSS kì í mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè.

Níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, ìjẹra yẹn máa ń dín kù tó nǹkan bí ìdajì. Ìṣirò kan náà, 4.5 nínú 100 lójúmọ́, á fi bí 14 sílẹ̀ fún yín. Ó sàn ju 2 lọ ní ìlọ́po méje. Ṣùgbọ́n kí ẹ pa á pátápátá ní ewu tiẹ̀: ọ́síjìn á tán, náítíréètì á tán tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn kan nínú kòkòrò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ́fẹ́ètì inú omi mí, gáàsì H₂S tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ á sì máa jáde. Slọ́ọ̀jì á dúdú. Àwọn ẹran tíntìntín tó máa ń jẹ kòkòrò tó já kúrò lára ìṣùpọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí omi yín mọ́ gaara, àwọn yẹn gan-an ló kọ́kọ́ ń kú.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ díẹ̀, oúnjẹ díẹ̀.

Oúnjẹ rèé. BOD la fi ń wọn oúnjẹ yìí, ìyẹn ọ́síjìn tí kòkòrò máa lò láti jẹ ìdọ̀tí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń mú nǹkan bí gíráàmù 50 BOD wá lójúmọ́, 300 wọn jẹ́ kílò 15. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ tó fún àkókò ìsinmi, ìyẹn kílò 1.5. Àwọn mẹ́wàá tó kù nínú ọgbà yẹn fúnra wọn máa mú ìdajì kílò wá, tó bá jẹ́ pé táńkì yín ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń wọ̀. Ẹ lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé sọ́kàwéè ni ilé ọlọ́dẹ ń lọ, tó sì jẹ́ páìpù mítà mélòó kan péré ló máa so ó mọ́ táńkì. Kò sí oúnjẹ tí ẹ máa rà tó dára tó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gidi.

Ó ku kílò 1. Kílò 1.5 ṣúgà ló máa fún yín ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣúgà nìkan jẹ́ oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú. Kòkòrò ń fẹ́ náítírójìn 5 àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 sí BOD 100. Gíráàmù 150 ajílẹ̀ NPK 15-15-15 á fún yín ní gbogbo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ nílò pẹ̀lú bí ìdajì náítírójìn, gíráàmù 60 yúríà á sì dí èyí tó kù. Ẹ rí i pé nọ́ńbà tó wà láàárín lára àpò NPK kì í ṣe fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an, P₂O₅ ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú 15 yẹn ò ju 6.5 lọ. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń yẹ̀.

Ẹ po gbogbo rẹ̀ nínú báàkẹ́ẹ̀tì lítà 20, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì, àárọ̀ àti alẹ́, kí ẹ sì máa dà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí bílóà bá ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá dà á lójijì tàbí tí ẹ bá dà á nígbà tí afẹ́fẹ́ kò sí, àwọn kòkòrò tó gùn bí òwú ló máa jàǹfààní ṣúgà yẹn ju àwọn tó ń ṣù pọ̀ lọ. Slọ́ọ̀jì yín á wá fẹ́ bí òwú, kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ẹ lè máa wo oúnjẹ yẹn bí ohun tí ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kílò 1.5 BOD lójúmọ́ ń bí nǹkan bíi gíráàmù 800 slọ́ọ̀jì tuntun. Tí 5 nínú 100 bá ń kú lójúmọ́, oúnjẹ kékeré yẹn lágbára láti máa gbé tó kílò 16 kòkòrò alààyè ró. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ẹ jí i àti kí ẹ tún un bí nìyẹn.

---

Bàbá Bílóà

Àbúrò, Ìyá Labu ti sọ ti oúnjẹ. Ẹ̀rọ ni tèmi.

Lọ ra táímà, fi í sí ìṣẹ́jú 20 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, wákàtí 2 lápapọ̀. Kílówáàtì 3 ní ìlọ́po 2, yúníìtì 6 lójúmọ́ dípò 72. Gbé ìṣirò yẹn lọ bá ọ̀gá, wọ́n á gbọ́. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lo máa fi ṣe é, ìṣẹ́jú 20 kò yẹ dísẹ́ẹ̀lì, ṣe é ní ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹta: aago 6 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán, aago 10 alẹ́. Má jẹ́ kí àlàfo kan ju wákàtí 8 lọ.

Kí nìdí tí àlàfo yẹn kò fi ní bà á jẹ́? Nígbà tí afẹ́fẹ́ wà, àwọn kan nínú kòkòrò ń sọ amóníà di náítíréètì. Tí afẹ́fẹ́ bá dúró, àwọn yòókù á máa fi náítíréètì yẹn mí. Ìgbà tí náítíréètì bá tán ni òórùn ẹyin máa bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà imú rẹ ni mítà àkọ́kọ́: tó bá ń rùn kí bílóà tó tàn, dín àlàfo kù.

Afẹ́fẹ́ yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn. Dífúsà rọ́bà, ohun tó ń tú afẹ́fẹ́ bílóà sínú omi, tó bá dúró lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí afẹ́fẹ́, omi á gba ojú ihò rẹ̀ wọ inú páìpù, slọ́ọ̀jì á tẹ̀lé e, á gan síbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá tan bílóà, ìfúnpá á lọ sókè, bẹ́líìtì á máa han, o máa rí i pé apá kan táńkì ń hó bí ìkòkò àmàlà, apá kejì dákẹ́ bí omi inú kànga. Tí ẹ bá ní fáàfù tí ń tú omi jáde nínú páìpù, ṣí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí bílóà ń ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìkan á fi máa jáde. Bílóà méjèèjì ni kó o máa lò, ọ̀sẹ̀ kan fún èyí, ọ̀sẹ̀ kan fún ìyẹn. Atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ níbí lọ́rinrin, rótọ̀ (irin tó ń yí nínú bílóà) tó bá jókòó lásán á dípẹtà, á lẹ̀ mọ́ra.

Táńkì ìtòrò ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá lọ, fa gbogbo slọ́ọ̀jì ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà sínú táńkì afẹ́fẹ́, fi ìgbálẹ̀ tó ní ọ̀pá gígùn gbá ara ògiri rẹ̀ tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Èyí tó bá kù síbẹ̀, nínú ooru wa yìí, láàárín wákàtí mélòó kan gáàsì náítírójìn á máa hó nínú rẹ̀, á léfòó bí ìyẹ̀fun àkàrà tó wú, èyí tí kò bá léfòó á gan bí amọ̀. Omi àwọn ọlọ́dẹ yẹn, tó bá tó kúbíìkì mítà 1 lójúmọ́, á máa ti slọ́ọ̀jì bíi kílò 3 lọ sínú ìtòrò lójúmọ́. Nítorí náà tan páìpù ìfàpadà fún ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀ lẹ́yìn tí bílóà bá ti ṣiṣẹ́.

Òjò ńkọ́? Ìsinmi yín bọ́ sí ìgbà òjò. Tí omi òrùlé tàbí omi ilẹ̀ bá ń wọ máńhóòlù, òjò alẹ́ kan péré lè kó slọ́ọ̀jì tí o ń fi ṣúgà bọ́ lọ sí gọ́tà. Wo gbogbo ìdérí máńhóòlù kí ilé-ìwé tó pa. Àti ẹ̀fọn: omi tó dúró lójú ìtòrò jẹ́ ilé ìbímọ fún wọn. Fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹrosíìnì sí i, mo mọ ohun tí àwọn ọlọ́dẹ máa ń ṣe.

---

Olùtọ́jú Táńkì (Ìgbógbó)

Ẹ ṣé gan-an ni, bàbá, ìyá wa náà ẹ ṣeun. Mo ti lọ wo ilé ọlọ́dẹ, òótọ́ ni, sọ́kàwéè ló ń lọ. A máa so ó pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ṣúgà wọ́n. Ilé gàrí kan wà nítòsí wa, omi tí wọ́n ń fún jáde lára ẹ̀gẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹlẹ́kọ kan náà wà tó ń da omi ògì nù. Ṣé mo lè lò wọ́n? Ẹnìkan tún ní kí n bu slọ́ọ̀jì sínú kẹ́ẹ̀gì kí n gbé e sí fíríìjì, pé tí ti táńkì bá kú, ti fíríìjì á wà.

---

Ìyá Labu

Omi ẹ̀gẹ́, rárá o. Nígbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́, sáyánáìdì tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde, inú omi tí wọ́n fún yẹn ló pọ̀ sí. pH rẹ̀ náà máa ń wà ní bíi 4. Àwọn tó ń sọ amóníà di náítíréètì ló kọ́kọ́ ń fara gbá sáyánáìdì, àwọn ló sì ń pẹ́ jù láti bí padà. Slọ́ọ̀jì wà tó lè kọ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́ tí wọ́n bá ń fún un díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kọ́ lèèyàn máa kọ́ bí a ṣe ń jẹ májèlé.

Omi ògì dára. Sítáàṣì àti ásíìdì ló wà nínú rẹ̀, kòkòrò fẹ́ràn méjèèjì. Òun náà kan, pH rẹ̀ ò sábà ju 4 lọ, nítorí náà ẹ fi baking soda sí i títí á fi dé 6.5, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Agbára rẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹlẹ́kọ kan sí èkejì, ẹ wọn COD rẹ̀ (ó jọ BOD, ṣùgbọ́n kẹ́míkà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) tí ẹ bá lè wọ̀n ọ́n. Tí ẹ ò bá lè wọ̀n ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lítà 20, kí ẹ dín ṣúgà kù sí ìdajì, kí ẹ wo sìlíńdà yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Yúríà àti NPK kò yí padà.

---

Ọmọ Èbúté

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fíríìjì, torí mo rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀.

Slọ́ọ̀jì táńkì yín, kúbíìkì mítà 30 ní 3.5 g/L, jẹ́ kílò 105. Ká ní fíríìjì gba lítà 50 tó ki dé 10 g/L, ìdajì kílò nìyẹn. Bí ẹni fi ṣíbí bu omi ọ̀sà ni. Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ fi díẹ̀ pamọ́ fún labu, ẹ fi omi tí kò ní kilorín-ìn ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kí oúnjẹ tó kù lára rẹ̀ lè kúrò, ẹ kún kẹ́ẹ̀gì dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ má dé ìdérí rẹ̀ pa torí gáàsì, 4°C, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má gbé e sí fírísà. Yìnyín tó ń dì nínú ara kòkòrò ń gún awọ rẹ̀ ya. Àwọn labu tó ń dì í máa ń pò ó mọ́ gilisẹ́róòlù, 15 sí 20 nínú 100, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí −80°C. Fíríìjì tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò yàtọ̀ sí orí tábìlì.

Ohun tó lè gbani ni slọ́ọ̀jì láti táńkì ẹlòmíràn. Ọkọ̀ kan tó gba kúbíìkì mítà 5, tí wọ́n fa slọ́ọ̀jì ìfàpadà tó jẹ́ 8 g/L sí, kílò 40 nìyẹn. Nínú táńkì yín á di bíi 1,300 mg/L, èèyàn lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ lọ fojú ara yín wo slọ́ọ̀jì wọn nínú sìlíńdà kí ẹ tó gbà á, torí táńkì tí slọ́ọ̀jì rẹ̀ ti fẹ́ bí òwú á kó àrùn rẹ̀ ran tiyín. Ẹ bi awakọ̀ ohun tó gbé kẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà tàbí dísẹ́ẹ̀lì, kò sí iye ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tí mo máa gbà á. Kí ó kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Kẹ́tù sí Mile 12 bá mú un nínú oòrùn, slọ́ọ̀jì yẹn á ti dúdú kó tó dé Ìkòròdú. Wákàtí 6 ni mo máa ń kà sí òpin. Ẹ tan bílóà sílẹ̀ dè é, kí ẹ sì gba inú sẹ́ dà á, kí ìdọ̀tí rọ́bà àti irun má baà wọlé.

Ti àwọn ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń polówó: ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ irúgbìn Bacillus tó ń sùn. Wọ́n lè jẹ ọ̀rá àti sítáàṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ amóníà di náítíréètì fún yín, amóníà ló sì máa dá yín dúró. Èmi ò ní ná owó sí i.

Slọ́ọ̀jì oníkóró dúdú ti àwọn táńkì tí kì í lo afẹ́fẹ́, irú èyí tó wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí, nìkan ló ṣeé fi sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan láìfún un ní nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣe gáàsì mítéènì nínú rẹ̀ kì í tètè dàgbà, wọn kì í sì í tètè kú. Ìyẹn ò ní wúlò nínú táńkì tiyín o, mo kàn sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa dábàá rẹ̀ láìpẹ́ ni.

---

Ìyá Labu

Ó ku jíjí. Ọjọ́ méje kí ọmọ tó wọlé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ní 1914, nígbà tí Ardern àti Lockett, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà slọ́ọ̀jì yìí, kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní Manchester, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni omi ìdọ̀tí àkọ́kọ́ gbà kí amóníà rẹ̀ tó yí tán. Wọ́n da omi orí kúrò, wọ́n fi slọ́ọ̀jì ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n da omi tuntun lé e. Bí slọ́ọ̀jì ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò ń já wálẹ̀ títí ó fi di wákàtí. Àwọn tó ń yí amóníà ni wọ́n ń kó jọ. Nínú ooru tiwa yìí náà, kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn tí gbogbo nǹkan bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣí ìdérí táńkì, kí ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ tan bílóà láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má sún mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. H₂S tó bá ti tó bí 100 ppm máa ń pa imú. Èèyàn á rò pé òórùn ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló ń pani. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú táńkì, ì báà jẹ́ síbí kan ló já sí i.

Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lọ láìdúró fún wákàtí 12 sí 24. DO mítà (ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú omi) lè ka òdo fún wákàtí mélòó kan, kò tíì bàjẹ́. Gáàsì àti ohun dúdú inú rẹ̀ ló ń jẹ ọ́síjìn. Àwọ̀ á kúrò ní dúdú bọ́ sí eérú, kó tó di ti kòkó.

Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò bóyá òkú ni àbí oorun. Ẹ bu slọ́ọ̀jì sínú ìgò, ẹ gbọ̀n ọ́n títí DO á fi gun 6, ẹ ti ẹnu mítà bọ̀ ọ́, ẹ dí ẹnu ìgò kí afẹ́fẹ́ má wọlé, ẹ máa rora rò ó. Ẹ ka DO ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú fún 10. Tó bá bọ́ láti 6 sí 5, 1 ní ìṣẹ́jú 10, 6 ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ pín in pẹ̀lú MLSS yín ní gíráàmù. Tó bá jẹ́ 2 g/L, èsì jẹ́ 3. Slọ́ọ̀jì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń wà ní 8 sí 20, ohun tó bá wà lábẹ́ 4 ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Ẹ wá da mílílítà 50 omi ìgbẹ́ tuntun sí lítà 1 slọ́ọ̀jì, ẹ tún un ṣe. Tí èsì bá fò sókè, oorun ló ń sùn. Tí kò bá mira, ẹ pe ọkọ̀ tí Ọmọ Èbúté sọ.

Oúnjẹ: kílò 3 BOD fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kílò 5 fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, kílò 7.5 títí ọmọ á fi dé. Ṣúgà kò bójú mu níbí. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ṣalángá ilé àdúgbò, ẹ da omi rẹ̀ sínú táńkì àkójọ nípasẹ̀ sẹ́, kí ẹ máa pọ́ǹpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kúbíìkì mítà 1 rẹ̀ lè ní kílò 5 BOD tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n. Amóníà ló tún mú un sàn, torí ẹni tó ń yí amóníà kì í jẹ ṣúgà. Ẹ má gbé oúnjẹ sókè bí amóníà omi tó ń jáde bá ṣì ju 5 mg/L lọ.

pH ni ibi tí Ìkòròdú ti yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé. Ásíìdì díẹ̀ wà nínú omi bóòhóòlù tiwa, kò sì ní ohun tó ń gbé pH ró nínú rẹ̀. Náítírójìn amóníà mg 1 tó bá yí, ó ń jẹ mg 7.14 nínú ohun yẹn. Ẹ máa rí i tí pH á máa rọra bọ́ láti 7.2 sí 6.3, amóníà á sì dúró lójú kan, ẹ máa rò pé kòkòrò ló kú. Kílò 2.5 baking soda nínú kúbíìkì mítà 30 ń gbé agbára yẹn sókè ní 50 mg/L. Ẹ po ó, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ fi pH sí 6.8 sí 7.5. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 8.5, torí amóníà fúnra rẹ̀ á wá di májèlé.

Tí ẹ bá ní máíkírósíkóòpù, àwọn tó ń fi ìrù sáré ló máa kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn wọn àwọn tó ní irun lára tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, lẹ́yìn náà Vorticella tó dà bí òdòdó lórí igi rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá rí Vorticella mẹ́ta mẹ́rin lábẹ́ gíláàsì kan, ẹ lè sọ fún ọ̀gá pé kí ọmọ máa bọ̀.

---

Bàbá Bílóà

Ohun kan ló kù, àbúrò, òun ló sì máa ń pa slọ́ọ̀jì tí wọ́n ti jí tán. Ọjọ́ méjì kí ọmọ tó wọlé, àwọn klínà máa ń fi ìsáàlì àti bílíìsì fọ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá 60 lọ́jọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ wá bá ọ nínú táńkì. Bílíìsì, tó bá pàdé ìdọ̀tí, agbára rẹ̀ ń tètè tán. Ìsáàlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí slọ́ọ̀jì tó jí, kí wọ́n fi ọṣẹ lásán ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n pín in sí ọjọ́ márùn-ún. Omi fífọ̀ yẹn, dá a dúró nínú táńkì àkójọ, kó o sì máa jẹ́ kó wọlé ní ìwọ̀nba kúbíìkì mítà 1 lójúmọ́.

---

Olùtọ́jú Táńkì (Ìgbógbó)

Háà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sí stọ́ọ̀ wọn ni. Kẹ́ẹ̀gì ìsáàlì lítà 25 mẹ́fà wà nílẹ̀, wọn ò tíì ṣí ọ̀kan. Mo ń lọ bá ọ̀gá wọn báyìí.